Kò-Tú-Kò-Já ti Théogène

Ẹni tí kò bá mọ Théogène Guidroz, kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu láti béèrè. Théogène á sọ fún un fúnra rẹ̀. Á ní òun ni ọba àwọn tó ń so eṣinṣin ìwọ̀ ní gbogbo àbàtà Luisiánà, bẹ̀rẹ̀ láti Pointe-aux-Hérons tiwa níbí títí dé ibi tí òkun ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wa. A kì í bá a jiyàn. Ẹni tó bá bá a jiyàn, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa gbọ́ ọ̀rọ̀ náà.

Eṣinṣin tí à ń wí yìí kì í fò o. Ìyẹ́ adìyẹ àti irun àgbọ̀nrín la fi òwú wé mọ́ ìwọ̀, títí yóò fi jọ edé tàbí akàn lójú ẹja pupa. Ẹja pupa náà kì í sì í ṣe ẹja jẹ́jẹ́. Inú ọ̀fun rẹ̀ ni eyín tó fi ń fọ́ akàn wà. Bó bá gbé eṣinṣin rẹ mì, àkísà lo máa rí gbà padà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń so ó ní àsotúnso, tí a tún ń da gúlúù lé e.

Théogène ní tòun kì í tú, kì í já, ó sì sọ ọ́ lórúkọ: Kò-Tú-Kò-Já. Òwú elésè àlùkò ló fi ń so ó, nítorí àwọ̀ ọba ni. Òun nìkan ló ń lo òwú yẹn lọ́dọ̀ wa, kó bàa lè jẹ́ pé bí a bá rí i lókèèrè, a ó mọ ẹni tí à ń kí. Ó fi ọ̀kan há fìlà, ó fi ọ̀kan há táì. Ó ní àwọn ọmọ-ọmọ òun ni yóò pín in gẹ́gẹ́ bí ogún. Kò tíì bímọ.

Àpótí onígíláàsì kan ṣoṣo ló wà ní ṣọ́ọ̀bù Ovide, níbi tí a ti ń ra ohun ìpẹja. Eṣinṣin Théogène wà nínú rẹ̀, ti Tante Elmire Naquin, ìyá kan ládùúgbò wa, náà sì wà níbẹ̀. Àìsàn àyà ti dá ọkọ Tante Elmire dúró nílé, kò lè lọ kó edé mọ́. Eṣinṣin tó ń tà nínú àpótí yẹn ló ń gbé ìrẹsì kaná nílé wọn. Ní ti Théogène, oko ìrèké bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀, ebi ò pa á rí. Síbẹ̀, láràárọ̀ ló máa ń fi ìka ti tìyá náà sí kọ̀rọ̀, á ní ọba kì í bá ayálégbé gbé yàrá.

Ó sú Ovide. Ó ní lọ́jọ́ tí Fadá bá ń súre fún àwọn ọkọ̀ ojú omi wa, kí àwọn méjèèjì mú eṣinṣin kọ̀ọ̀kan lọ sójú omi, ọ̀kan péré. Ẹni tó bá pẹja jù, tí eṣinṣin rẹ̀ sì wà lódindi, òun nìkan ni yóò ni àpótí. Mo rí Tante Elmire láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ti jẹ èékánná rẹ̀ kan ẹran.

Théogène ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun wọkọ̀. Ó ní ojú èèyàn ń lé ẹja.

Nígbà tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì lù, Tante Elmire gbé ẹja mẹ́rin dé. Eṣinṣin rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pá lórí, ṣùgbọ́n ìso rẹ̀ kò yẹ̀. Théogène gbé ẹja kún ọkọ̀ dé, ó tò wọ́n sílẹ̀ lẹ́bùúté, ó wá na eṣinṣin tirẹ̀ sókè. Irun kan ò yà nínú rẹ̀. Ó mọ́ bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé. Ovide yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó mú kọ́kọ́rọ́ àpótí síta. Tante Elmire ní ẹ kú oríire, ó bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Ó dùn mí wọra.

Àmọ́ kọ́kọ́rọ́ ò tíì dé ọwọ́. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá borí lọ́jọ́ ìsúre ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dúró níwájú Fadá, kó jẹ orí ẹja tó tóbi jù nínú èyí tó pa. Ohun tó bá jẹ kù, Fadá ló ni ín. Nígbà tó ṣe, àwọn ìyá ìjọ ti se orí náà lódindi nínú ọbẹ̀ tòmátò.

Théogène wo àwo, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀. A wo ara wa, torí irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí. Ó jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó jẹ ojú, ó fa egungun iwájú orí mu. Nígbà tó kan ọ̀fun, ó fi ṣíbí sílẹ̀.

“Mo ti yó, Fadá.”

“Ta ló yó?” Nonc Alphée ló sọ bẹ́ẹ̀, àgbà wa. “Ọ̀fun tó dùn jù lo fẹ́ fi sílẹ̀?”

“Ẹ fi í sílẹ̀ jàre,” ni Fadá Lucien wí. “Tèmi ni.”

Fadá fẹ́ràn ọ̀fun ẹja. Ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo tí a mọ̀ mọ́ ọn nìyẹn. Ó mú un, ó ń gbé e bọ̀ lẹ́nu, ni Théogène bá já a gbà, ó sọ ọ́ sẹ́nu ara rẹ̀. Kì í ṣe àánú Fadá ló ṣe é. Àwọn àgbà ní eṣinṣin ò mọkú, jíjẹ ni tirẹ̀. Théogène ló wá ń jẹ eṣinṣin báyìí. Ó pa ẹnu dé gbọn-in, ó sì ké bí ọmọ màlúù.

Òwú elésè àlùkò yọ ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀.

Ovide wo eṣinṣin ọwọ́ rẹ̀, ó wo ẹnu Théogène. “Ọ̀kan ni mo ní kí o mú lọ. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi ńkọ́?”

“Mmm,” ni Théogène wí.

“Ó ní òun ò mọ bó ṣe dé ibẹ̀,” Nonc Alphée bá a túmọ̀.

Ìgbà yẹn ló tó yé gbogbo wa. Ẹja ń gbé eṣinṣin mì, ọba ń gé okùn, ó ń yọ òmíràn látinú àpò so mọ́ ọn.

Tante Elmire mú ẹ̀mú wá, ó ní kó jókòó. Òwú ló kọ́kọ́ fà. Ó ń fà á, ó ń tú. Ìyẹ́ jábọ́, irun jábọ́, gbogbo ará ìjọ ń wò ó, ó ku ìwọ̀ nìkan ní ètè. Ó fi ẹ̀mú gé ìwọ̀ náà, ó sì yọ ọ́.

“Pẹ̀lẹ́ o, ọba,” ló wí.

Ovide fi kọ́kọ́rọ́ lé Tante Elmire lọ́wọ́. Àwọn ìyá ìjọ gbé orí ẹja tirẹ̀ wá, ó dìde dúró, ó jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó jẹ ojú, ó jẹ ọ̀fun, ó fi ọbẹ̀ tó kù jẹ ìrẹsì. Fadá tẹjú mọ́ àwo náà títí. Kò kù ju egungun lọ.