Ọbayẹmí àti Fídíò Ojoojúmọ́

Ọbayẹmí káfíńtà kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò ní bíréèkì. Bí ẹ bá ní ẹ fẹsẹ̀ rìn dé Zuba, òun á ní òun ti fẹsẹ̀ rìn dé Kaduna, òun sì padà kí ọbẹ̀ tó tutù. Kugbo ní Abuja ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, láàárín àwọn tó ń ta àga àti ibùsùn. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la jọ ń lọ.

Lọ́dún 2017, ṣọ́ọ̀ṣì wa pe arákùnrin kan, Níyìolúwa, pé kó wá kọ́ àwọn oníṣòwò bí wọ́n ṣe ń fi fídíò polówó ọjà lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò le rárá. Ó ní, "Ẹ mú ìwọ̀n tí agbára yín ká. Ì báà ṣe ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ ṣáà má dá a dúró."

Ìyá aláṣọ kan ní òun á gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ni Ọbayẹmí bá dìde, ó tún kọ́là rẹ̀ ṣe.

"Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kẹ̀? Tèmi á máa jáde láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́!"

Mo yọ́ ọ sọ fún un pé, "Ọbayẹmí, oògùn ibà ni wọ́n ń lò báyẹn."

"Iṣẹ́ kì í pani," ló fi dá mi lóhùn, "àìya fídíò ló ń pani."

Kí n má purọ́ mọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́. Ó ya pákó. Ó ya ìṣó. Ó ya ara rẹ̀ níbi tó ti ń wo pákó, tó ń mi orí bí ẹni pé pákó náà ń bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ó fi odindi ọ̀sán kan ya fídíò tó máa lò fún ọ̀sẹ̀, ó ń pààrọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì kí aráyé lè rò pé ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ó wá ṣètò fóònù pé kó máa gbé wọn jáde fúnra rẹ̀.

Wọ́n ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Ọbayẹmí gbé àgúnmu mì títí, kò rántí jẹun mọ́.

Oúnjẹ tí mò ń wí ni àga pálọ̀ tí Mọ́mì Hadassah, òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó ń gbé ní Kado, ní kó bá òun ṣe. Ìdílé tó fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ lọ́jọ́ Sátidé. Màmá ti kó àga àtijọ́ fún àwọn ará abúlé. Àga tuntun sì rèé, egungun igi lásán ni: kò ní fóòmù, kò láṣọ.

Lọ́jọ́bọ̀, màmá pè é. Búrẹ́dì wà lẹ́nu Ọbayẹmí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

"Mọ́mì, wọ́n ti gbé mi dé ọsibítù. Mi ò lè gbé apá."

"Yéè! Ọsibítù wo?"

"Mọ́mì, ojú mi ò tíì là tó láti ka orúkọ rẹ̀."

Màmá káàánú rẹ̀ gan-an. Ibi tó ti ń ronú ohun tó máa gbé lọ kí i ni fídíò ọ̀sán ti jáde. Ọbayẹmí rèé nínú ṣẹ́ẹ̀tì pupa, ó fi ọwọ́ kan gbé pákó sókè: "Èmi rèé ní Kugbo lónìí, ara mi le koko! Ẹ máa bọ̀!"

Màmá kọ ọ́ sábẹ́ fídíò náà pé: "Ìwòsàn yìí mà yá o. Mò ń bọ̀."

Ọbayẹmí kò rí i, torí ó ti tún gbé fóònù kalẹ̀, ó ń bá àwọn olùwòran sọ̀rọ̀ ní tààrà. Ó ń sọ fún wọn pé òun kì í já oníbàárà kulẹ̀, ni màmá bá wọlé.

"Ẹ... ẹ káàbọ̀, Mọ́mì."

"O kú ara líle. Gbé àga wá, kí n jókòó."

Ọbayẹmí wo ọ̀tún, ó wo òsì. Nínú gbogbo ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, kò sí ohun tí ìdí lè gbà. Ó sáré lọ yá àga rọ́bà búlúù lọ́wọ́ Ṣéhù tó ń ta tíì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Kai! Ìwọ káfíńtà?" ni Ṣéhù wí, ṣùgbọ́n ó yá a.

Màmá jókòó, ó tún ìró rẹ̀ ró. "Àwọn àna mi ń bọ̀ ní Sátidé. Orí kí ni wọ́n máa jókòó lé? Orí fídíò?"

Ọbayẹmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú èérún pákó. Fóònù ń gbé e lọ fáráyé. Níyìolúwa tó kọ́ wa ń wò ó láti ilé. Bóyá ó rò pé eré ni. Ó kọ ọ́ pé, "Ó ń dára sí i o! Má dá a dúró!"

Màmá ra àga tó ti wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Láníyì tó wà ní òdìkejì. Ọbayẹmí ló bá wọn rù ú sínú ọkọ̀.

Fídíò ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ni èèyàn wò jù nínú gbogbo èyí tó yà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó sáré wá bá mi, inú rẹ̀ ń dùn: ẹnìkan ti béèrè iye ọjà, àkọ́kọ́ irú ẹ̀! Mo gba fóònù, mo kà á:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Àga búlúù tí màmá yẹn jókòó lé, èló ni?"