Ìbọ̀wọ́ Láníyọnu

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà Òkè-Ìrì fi ń pa á lówe pé ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́ kì í kánjú gbọ́wọ́ sókè? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ sún mọ́ mi.

Láníyọnu ọlọ́kadà ló fà á. Òtútù Òkè-Ìrì kì í ṣe kékeré. Bí òjò bá dé, ewúrẹ́ gan-an máa ń bá ènìyàn du ẹ̀bá àdògán. Lọ́jọ́ tí Láníyọnu kọ́kọ́ lọ kí àwọn òbí Fèyíṣayọ̀, ọmọbìnrin tó fẹ́ fi ṣaya, òtútù ti mú ọwọ́ rẹ̀ lórí ọ̀kadà débi pé ó da omi tí wọ́n gbé fún un sí bàbá ìyàwó láyà.

“Ọ̀mùtí!” ni bàbá náà wí. “Padà wá lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ọwọ́ yẹn bá tún gbọ̀n, ó parí.”

Ọkàn Láníyọnu ò balẹ̀ mọ́, nítorí ó fẹ́ràn ọmọ náà dénú egungun. Ó ra ìbọ̀wọ́ onírun àgùntàn, òjò kan ṣoṣo sọ ọ́ di kànìnkànìn. Ó fi ọ̀rá wé ọwọ́, bíréèkì yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó gun ọ̀kadà já wọ ṣọ́ọ̀bù onídìrí. Níkẹyìn, Ìyá Múnírá tó ń ta òkìrìká gbé ìbọ̀wọ́ kan jáde tó gùn dé ìgúnpá, rọ́bà lóde, irun nínú. Láníyọnu tì í bọ inú bàsíà omi. Ẹ̀kán omi kan ò wọlé.

“Abẹ́ apá aṣọ ni kóo fi ẹnu rẹ̀ sí o,” ni Ìyá Múnírá kìlọ̀.

“Kí n ra irú ọjà yìí kí n tún fi aṣọ bò ó? Báwo ni àwọn àna mi á ṣe rí i?”

Ó wọ̀ ọ́ sórí aṣọ òjò, ẹnu rẹ̀ là sókè bí ẹnu ọmọ ẹyẹ. Òjò ká a mọ́ ọ̀nà ilé àna rẹ̀. Gbogbo omi tó ń ṣàn lápá rẹ̀, inú ìbọ̀wọ́ ló ń lọ, ọjà gidi náà ò sì jò. Ara rẹ̀ sì gbóná, omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó ní òun á dà á nù kóun tó wọlé, àfi bó ṣe bá àwọn àna lẹ́nu ọ̀nà. Ó yáa jẹ́ kí ọwọ́ méjèèjì rọ̀ sílẹ̀ jẹ́ẹ́, ó tẹ̀lé wọn wọ pálọ̀.

Bàbá wo ọwọ́ náà, ó rẹ́rìn-ín. “Ìyá Fèyí, kò gbọ̀n mọ́!”

“Ọpẹ́ ni f'Ólúwa! Ọmọ mi, gbọ́wọ́ sókè ká dúpẹ́.”

“Mo ń dúpẹ́ nínú ọkàn mi, mà.”

“Sókè, mo ní! Àbí ìdílé àjẹ́ lo ti wá ni?”

Kí ni Láníyọnu ìbá ṣe? Ó gbọ́wọ́ sókè. Omi gba apá aṣọ wọlé, ó gba abíyá, ó gba ikùn, ó dé inú ṣòkòtò, ó wá ń dà ṣọ̀rọ̀ṣọ̀rọ̀ sílẹ̀ pálọ̀. Bó ṣe gbóná tó, ó ń rú èéfín.

Bàbá mí kanlẹ̀. “Ọ̀mùtí tí mo kọ́kọ́ pè é yẹn, ó sàn díẹ̀.”

“Ìbọ̀wọ́ ni, sà!”

“Ìbọ̀wọ́ ló tọ̀ sí pálọ̀ mi?”

Láníyọnu bọ́ ọ̀kan, ó dorí rẹ̀ kodò kí wọ́n lè rí ẹ̀rí. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Ẹkún ti fẹ́ẹ́ gbọ̀n ọ́n nígbà tí Ìyá Fèyí mú àkísà, ó nu ilẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tún gbóòórùn rẹ̀.

“Òjò ni,” ló wí. “Ẹ fún un níyàwó.”

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ọkọ ìyàwó wọ ìbọ̀wọ́ funfun wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bí pásítọ̀ ṣe ní kí tọkọtaya gbé ọwọ́ wọn sókè, gbogbo ẹbí ìyàwó sún sẹ́yìn. Bàbá Fèyí fò dìde, ó di ọwọ́ Láníyọnu méjèèjì mú gírígírí, ó sì kígbe tí gbogbo ìlú fi gbọ́: “Ọmọ mi, ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́ kì í kánjú gbọ́wọ́ sókè!”