Ọ̀rọ̀ Ìwúrí Lẹ́yìn Góòlù Mẹ́fà

Ìrọ̀lẹ́ Àlàmísì ni, ní Èjìgbò. Ìyá Bàrákátù, tó ti gbé Àbíjàn pẹ́ kó tó padà wálé, jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn tó wà ní títì. Kóòṣì Ọláwálé, tó ń kọ́ ikọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì àgbẹ̀ ní bọ́ọ̀lù, yọ pẹ̀lú fèrè lọ́rùn. Sátidé tó kọjá ni kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìsúndúnrìn gbá ikọ̀ rẹ̀ ní mẹ́fà sí òdo.

KÓÒṢÌ: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Ìyá.

ÌYÁ: Kú ìrọ̀lẹ́, ọmọ mi. Ìwọ ni wọ́n gbá ní mẹ́fà?

KÓÒṢÌ: Ikọ̀ ni wọ́n gbá, mà. Kì í ṣe èmi.

ÌYÁ: Àwọn ọmọ ní ìwọ ni.

KÓÒṢÌ: Àwọn ọmọ wo?

ÌYÁ: (Kíá.) Àwọn ọmọ ojú títì.

KÓÒṢÌ: Ṣàkírù ni mo wá wò, ọmọ-ọmọ yín. Òun ni gólì wa.

ÌYÁ: Ṣàkírù ti lọ sí Àbíjàn.

KÓÒṢÌ: Nígbà wo?

ÌYÁ: Lánàá.

KÓÒṢÌ: Mà, mo rí i láàárọ̀ yìí. Ó rí mi, ó sì kó sínú gọ́tà.

ÌYÁ: Ó ń lọ nìyẹn.

KÓÒṢÌ: Mọ́tò Àbíjàn kan ò gbéra lánàá. Mo ti dé gáréèjì, mo bi wọ́n.

ÌYÁ: Kò wọ mọ́tò.

KÓÒṢÌ: Kí ló wá gbé e lọ?

ÌYÁ: Ìtìjú. Ó yá ju mọ́tò lọ.

(Kóòṣì fẹ́ yọjú wo ẹ̀gbẹ́ ilé. Ìyá sún àpótí rẹ̀ síbẹ̀.)

KÓÒṢÌ: Ìyá, ẹ gbọ́. Mo ti dé ilé Àlíù. Wọ́n ní ó ti lọ sí Àbíjàn. Mo dé ilé Mùhámmẹ́dù. Àbíjàn. Mo dé ọ̀dọ̀ Ooreolúwa, kápútẹ́ẹ̀nì wa. Ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá sọ pé Àbíjàn ló wà.

ÌYÁ: Ìlú ńlá ni. Ó gba gbogbo wọn.

KÓÒṢÌ: Ará Èkìtì ni Ooreolúwa! Kò mọ ẹnì kankan ní Àbíjàn.

ÌYÁ: Á mọ Ṣàkírù.

KÓÒṢÌ: Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mà. Èèyàn mọ́kànlá kì í dédé lọ sí Àbíjàn lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo.

ÌYÁ: (Ó rẹ́rìn-ín.) Ọmọ ibo ni ọ́?

KÓÒṢÌ: Ìkìrun.

ÌYÁ: Mo rò bẹ́ẹ̀. Àdúgbò wa yìí nìkan lè kó mọ́kànlá lọ lọ́sẹ̀ kan, kí obìnrin mẹ́ta tún tẹ̀ lé wọn. Bí o bá wá ẹnì kan tì ní Èjìgbò, Àbíjàn ló wà. Máa lọ sílé.

KÓÒṢÌ: N ò lè lọ sílé. Ọ̀túnla, Sátidé, Ìsúndúnrìn ń bọ̀ níbí láti tún un gbá. Bí n kò bá rí mọ́kànlá kó wọ pápá, ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì ní òun á tú ikọ̀ ká. Ó ní òun á gbin ẹ̀gẹ́ sórí pápá náà.

ÌYÁ: (Ó jókòó dáadáa.) Ẹ̀gẹ́?

KÓÒṢÌ: Ẹ̀gẹ́, mà.

ÌYÁ: Irú èwo?

KÓÒṢÌ: Irú èwo kẹ̀?

ÌYÁ: Pápá yẹn tẹ́jú. Omi kì í dúró níbẹ̀. Ẹ̀gẹ́ á ta níbẹ̀ gan-an.

KÓÒṢÌ: Ìyá, iṣẹ́ mi ni pápá yẹn! Bí wọ́n bá gbin ẹ̀gẹ́ sí i, ta ni mo fẹ́ máa fọn fèrè fún?

ÌYÁ: Òkété pọ̀ lóko ẹ̀gẹ́. Wọ́n nílò ẹni tí á máa lé wọn.

(Kóòṣì fọwọ́ lérí. Ìró kan ń ti ẹ̀yìnkùlé wá: ṣá, ṣá, ṣá. Ọ̀bẹ púpọ̀ ni.)

KÓÒṢÌ: Kí nìyẹn?

ÌYÁ: Àwọn òṣìṣẹ́ mi ni. Wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́. Mò ń ṣe àtíẹkẹ́, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí mo kọ́ ní Àbíjàn. Àwọn kan fẹ́ fi sọmọ lórúkọ ní Sátidé.

KÓÒṢÌ: Òṣìṣẹ́ mélòó?

ÌYÁ: Wọ́n tó.

KÓÒṢÌ: Kí lorúkọ wọn?

ÌYÁ: Iṣẹ́ ni mo gbé fún wọn. N ò gba orúkọ lọ́wọ́ wọn.

(Ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìnkùlé.)

KÓÒṢÌ: Ikọ́ Ṣàkírù nìyẹn!

ÌYÁ: Gbogbo ikọ́ jọra.

KÓÒṢÌ: Ikọ́ yẹn yé mi dáadáa, mà. Ó wú u nígbà góòlù kẹta. Ibi tó ti ń wú u lọ́wọ́ ni bọ́ọ̀lù ti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé.

(Ìyá mí kanlẹ̀.)

ÌYÁ: Ó dáa. Ó wà níbẹ̀. Gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n o ò wọlé.

KÓÒṢÌ: Àwọn ọmọ ikọ̀ mi! Kí ló dé tí n ò fi ní wọlé?

ÌYÁ: Wọ́n bẹ̀ mí. Ọkùnrin tó ti hu irùngbọ̀n dọ̀bálẹ̀ sínú èèpo ẹ̀gẹ́, ó ní, "Ìyá, ẹ ṣàánú wa, ẹ má jẹ́ kí Kóòṣì wọlé."

KÓÒṢÌ: Mẹ́fà yẹn ló ń tì wọ́n lójú. Mo mọ̀. Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ wá nìyẹn. Mo kó ọ̀rọ̀ ìwúrí wá fún wọn.

ÌYÁ: Wọn ò tijú mọ́. Sátidé ni wọ́n tijú. Nígbà tó fi máa di àárọ̀ Sọ́ńdè, wọ́n ti jẹun, wọ́n ti sùn, wọ́n ti jí. Wọ́n ti gbàgbé. Ìwọ lo rán wọn létí.

KÓÒṢÌ: Èmi?

ÌYÁ: Kí lo ṣe fún wọn ní Sọ́ńdè?

KÓÒṢÌ: Mo pè wọ́n jọ. Mo sọ̀rọ̀ ìwúrí fún wọn.

ÌYÁ: Láti ìgbà wo?

KÓÒṢÌ: Láti àárọ̀.

ÌYÁ: Títí di ìgbà wo?

KÓÒṢÌ: Ilẹ̀ ṣú mọ́ wa, mà. Iná ò sí.

ÌYÁ: Wọ́n jẹun ọ̀sán?

KÓÒṢÌ: Ẹni tí wọ́n gbá ní mẹ́fà, kí ló fẹ́ fi oúnjẹ ṣe?

ÌYÁ: Hẹ̀n-ẹn. Àtìní ńkọ́?

KÓÒṢÌ: Ẹnì kan fi fóònù ká bọ́ọ̀lù náà sílẹ̀. Mo fi hàn wọ́n, góòlù kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè mọ ibi tí ẹsẹ̀ wọn ti yẹ̀.

ÌYÁ: Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà?

KÓÒṢÌ: Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

ÌYÁ: Mẹ́rìnlélógún nìyẹn. Ìsúndúnrìn gan-an ò gbá yín tó bẹ́ẹ̀.

KÓÒṢÌ: Ìyá, ìwúrí ni mo pè é!

ÌYÁ: Mo gbọ́. Àtàláátà?

KÓÒṢÌ: Mo ní kí kálukú dìde, kó sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ohùn tútù ni mo fi bá wọn sọ ọ́.

ÌYÁ: Kí ni Ṣàkírù sọ?

KÓÒṢÌ: Ó ní ebi ń pa òun.

ÌYÁ: Kí lo wá ṣe?

KÓÒṢÌ: Mo ní kó jókòó, pé ọkàn rẹ̀ ò tíì ṣí.

(Ìyá wò ó títí. Ọ̀bẹ ń lọ lẹ́yìnkùlé.)

KÓÒṢÌ: Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, mà. Ẹ̀yin gan-an ńkọ́? Mo wá gbé ikọ̀ dìde, ẹ̀yin kó wọn pamọ́ sídìí ẹ̀gẹ́. Kí lẹ̀ ń san fún wọn?

ÌYÁ: Mò ń fún wọn lóúnjẹ. Mo sì ń dákẹ́.

KÓÒṢÌ: Ẹ ń dákẹ́? Owó iṣẹ́ nìyẹn?

ÌYÁ: Kápútẹ́ẹ̀nì rẹ ní dídákẹ́ mi dùn ju oúnjẹ náà lọ. Kì í ṣe pé oúnjẹ náà ò dùn o.

KÓÒṢÌ: Ẹ ò mọ bọ́ọ̀lù ni. Ikọ̀ tó bá ṣubú, ọ̀rọ̀ ló ń gbé e dìde. Ẹ ò tíì gbọ́ èyí tí mo kó wá lónìí. Mi ò sùn nítorí rẹ̀.

ÌYÁ: Ó dáa. Sọ ọ́ fún mi. Bí ara mi bá yá sí i, màá ṣílẹ̀kùn fún ọ.

(Kóòṣì gbé fèrè sẹ́yìn ọrùn. Ó wú ikọ́ kékeré. Ó na ọwọ́ kan sókè.)

KÓÒṢÌ: "Ẹ̀yin akọni! Ìṣẹ́gun kì í ṣe ti ẹni tó mọ eré sá. Ìṣẹ́gun kì í ṣe ti ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù gbá."

ÌYÁ: Ta ló wá ni ín?

KÓÒṢÌ: Ẹ jẹ́ kí n débẹ̀, mà. "Inú ọkàn ni ìṣẹ́gun wà!"

ÌYÁ: Mẹ́fà yẹn ńkọ́? Inú ibo ni wọ́n wà?

KÓÒṢÌ: Inú àwọ̀n.

ÌYÁ: Hẹ̀n-ẹn.

KÓÒṢÌ: Ẹ ń dá mi lọ́wọ́ kọ́. "Ìdí mẹ́tàdínlógún ló wà tí a fi gbọ́dọ̀ borí. Ìdí kìíní, tó pín sí ọ̀nà mẹ́rin..."

ÌYÁ: Sé bọ́n, sé bọ́n! Ó tó! Ẹ̀yìn ti ń dùn mí. Kó o tó dé, kò dùn mí.

KÓÒṢÌ: Ẹ ò ṣílẹ̀kùn?

ÌYÁ: Ẹ̀gẹ́ apẹ̀rẹ̀ méjì ló kù wọ́n. Bí o bá wọlé, ta ló máa bó o?

KÓÒṢÌ: Ká ní ẹ ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀! Nítorí ẹ̀gẹ́ ni!

ÌYÁ: Nítorí ẹ̀gẹ́ àti nítorí àánú. Ẹ̀gẹ́ ló pọ̀jù.

(Kóòṣì kọjú sí ògiri ilé. Ó fi ọwọ́ méjèèjì yí ẹnu ká.)

KÓÒṢÌ: Ẹ̀yin akọni! Mo mọ̀ pé ẹ ń gbọ́ mi! Bí ẹ ò bá jáde, ibí ni màá ti sọ ọ́! Ìdí kìíní!

(Àwọn ọ̀bẹ dákẹ́. Agbada kan dojú dé. Lẹ́yìn náà ni ọgbà ẹ̀yìnkùlé mì, tí àwọn ọmọkùnrin ń fo ó lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n gba etí ilé já sójú títì, èèpo ẹ̀gẹ́ lára wọn. Àlíù ló ṣáájú. Ó fi báńdéèjì di orúnkún.)

KÓÒṢÌ: (Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.) Àlíù! Ó ní orúnkún òun ti yẹ̀! Ó ní òun ò lè gun àtẹ̀gùn!

ÌYÁ: Ó ti san.

KÓÒṢÌ: Ẹ wo Mùhámmẹ́dù! Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò sáré báyìí rí. Ẹ wo bí wọ́n ṣe fẹ̀ ká! Ẹnì kan ò dí ẹnì kejì lọ́nà! Ohun tí mo ti ń kọ́ wọn láti ọdún mẹ́ta nìyẹn!

ÌYÁ: Ẹ̀gẹ́ mi! O ti lé òṣìṣẹ́ mi lọ! Kí ni mo fẹ́ gbé fún ọlọ́mọ ní Sátidé?

KÓÒṢÌ: (Kò gbọ́ ti ẹ̀gẹ́. Ó ń wo eruku tí wọ́n fi sílẹ̀.) Ìyá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ṣé wọn ò ní gbá a mọ́ ni?

ÌYÁ: Wọ́n máa gbá a. Àná ni wọ́n fẹnu kò. Inú ń bí wọn sí Ìsúndúnrìn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń gé ẹ̀gẹ́ mi kọjá èèpo. Ohùn rẹ ni wọn ò fẹ́ gbọ́.

KÓÒṢÌ: Kóòṣì tí kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀! Kí ni mo fẹ́ wá ṣe níbẹ̀? Kí n máa wòran bí òpó iná?

(Ìyá ti fẹ́ bú u. Ó wo títì, ó rí i pé àwọn ọmọ náà ti kọjá ilé epo. Ó wo Kóòṣì láti òkè délẹ̀. Ó pa ìbínú tì.)

ÌYÁ: Má dákẹ́. Ta ló ní kó o dákẹ́? Ibi tí o máa dúró sí ni o ò mọ̀. Ní Sátidé, lọ dúró sẹ́yìn òpó góòlù tiyín. Bẹ̀rẹ̀ láti orí ìdí kìíní. Ìdí òpó Ìsúndúnrìn ni gbogbo wọn á sá lọ.

(Kóòṣì fi ìka ya pápá sórí ilẹ̀, ó fi òkúta méjì ṣe òpó.)

KÓÒṢÌ: Ìyá... Bí a bá dé ààbọ̀ tí wọ́n sì pààrọ̀ òpó ńkọ́?

ÌYÁ: Ìwọ náà pààrọ̀.

KÓÒṢÌ: Mẹ́tàdínlógún yẹn á tó?

ÌYÁ: Fi ọ̀nà mẹ́rin-mẹ́rin kún un.

KÓÒṢÌ: (Ó ń rìn síwá sẹ́yìn, ó ń pàtẹ́wọ́. Ó dúró lójijì.) Ó bàjẹ́! Gólì ńkọ́? Gólì ò gbọdọ̀ kúrò nídìí òpó, ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an sì ni màá wà. Bí mo bá la ẹnu báyìí, Ṣàkírù ló máa kọ́kọ́ sá!

(Ìyá gbé ìka sókè kí ó dákẹ́. Lẹ́yìnkùlé, ọ̀bẹ kan ṣoṣo ṣì ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́: ṣá, ṣá, ṣá.)

ÌYÁ: Ṣàkírù ò ní sá. Àtìní ló ti fi òwú dí etí.