Èènì Tó Kún Inú Bọ́ọ̀sì

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi bọ̀rọ̀: àárọ̀ Sátidé tí mo ń lọ ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ lọ́dọ̀ àwọn àna mi ní Ṣábẹ̀. Ọyẹ́ bo gbogbo Parakú, ìlú tí mò ń gbé, ilé àti igi ń hàn bàìbàì. Mo rọra ń rìn lọ sí ibùdókọ̀, ọkàn mi ti ṣáájú mi dé Ṣábẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ mi fún yín. Èmi kì í jókòó kọ ètò kọ̀ǹpútà ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Àwòrán bí òwò kan ṣe ń lọ ni mo máa ń yà, kọ̀ǹpútà á sì kọ ètò náà fúnra rẹ̀ láti inú àwòrán. Oṣù mẹ́ta ni mo fi kọ́ ọgbọ́n ọjà lọ́dọ̀ ìyá aláṣọ kan ní ọjà Arzèkè. Mo di gbogbo ọgbọ́n yẹn pọ̀ bí ẹrù, kí n lè máa lò ó fún oníbàárà mìíràn láìtún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ni mo bá ń lá àlá ọ̀sán gangan: gbogbo ìlú á máa lo ẹrù mi, èmi á nà gbalaja lábẹ́ máńgòrò ní àdúgbò Banikanni.

Àlájà tó ni bọ́ọ̀sì Ṣábẹ̀ ló kọ́kọ́ gbà á láti fi máa ta tíkẹ́ẹ̀tì. Mo pa "aṣọ" rẹ́, mo fi "ìjókòó" sí i, ó parí. Mo tiẹ̀ súfèé.

Nígbà tí mo dé ibùdókọ̀, èèyàn méjìlélógún, èmi náà nínú wọn, ló mú tíkẹ́ẹ̀tì dání fún bọ́ọ̀sì oníjókòó méjìdínlógún. Àlájà figbe ta. Màmá arúgbó kan tó gbá adìẹ mọ́ra na tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ sókè.

"Ọmọ mi ra mẹ́rin, òdínátọ̀ yín, kọ̀ǹpútà yẹn, bá tẹ ìkarùn-ún jáde. Wọ́n kọ ọ́ sí i: èènì. Èmi ni èènì náà."

Ìgbà yẹn ni mo rántí. Ẹni tó bá ra aṣọ mẹ́rin lọ́wọ́ ìyá aláṣọ, á gba ìkarùn-ún ní èènì. Mo ti di ìlawọ́ ìyá náà mọ́ ọgbọ́n rẹ̀, n ò sì tú ẹrù wò.

"Ìwọ lo ṣe é, àbí?" ni Àlájà wí.

"Ẹ má bínú, Àlájà. Ọ̀dọ̀ àna ni mò ń lọ."

"O kú ìnáwó. Fi ìjókòó rẹ sílẹ̀, kí màmá jókòó."

Ta ni yóò bá àgbà du ìjókòó? Wọ́n gbé ọmọdé mẹ́ta tí àwọn náà jẹ́ èènì lé ẹsẹ̀ àwọn ìyá wọn, bọ́ọ̀sì gbéra, ó fi mí sílẹ̀. Orí ọkọ̀ oníṣu ni mo padà gùn. Lórí iṣu yẹn ni mo ti kọ́gbọ́n: kéèyàn tó gbé ọgbọ́n ọjà kan lọ sí òmíràn, kó kọ́kọ́ yọ àṣà ọlọ́jà kúrò nínú rẹ̀. Àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí gan-an pé ìyàwó ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Òkè Ṣábẹ̀ ń yọ díẹ̀díẹ̀ láti inú ọyẹ́, oòrùn ti ń wọ̀.

Mo wọlé, eruku pupa ló bo agbádá mi. Baba ìyàwó wò mí títí.

"Sọ ọjọ́ ìgbéyàwó fún wa," ni wọ́n wí, "ká lè bẹ̀rẹ̀ sí í dúró dè ọ́ láti ìsinsìnyí."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ojú ń tì mí.