Delmar Stuckey, Ọ̀rẹ́ Gbogbo Géètì

Bí ẹ bá bá Delmar Stuckey jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ óò mọ ohun mẹ́ta nípa rẹ̀: pé fìlà rẹ̀ wọ́n ju gbogbo aṣọ ọrùn yín lọ, pé ìbọn rẹ̀ kì í tàsé, àti pé kò sí onímàlúù kan láti ìlú wa títí dé ẹsẹ̀ òkè tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ohun kẹrin ni pé iṣẹ́ adójútòfò ló ń ṣe. Ìyẹn kì í yé èèyàn títí tí á fi rí i pé òun ti fọwọ́ sí ìwé.

Òun fúnra rẹ̀ ló ń ki ara rẹ̀. Delmar Olójú-àwòdì. Delmar Ikú-ẹnu-ihò. Delmar Ọ̀rẹ́-gbogbo-géètì, ẹni tí a kì í tilẹ̀kùn mọ́. Ẹgbẹ́ ọdẹ ìlú wa kò ju èèyàn mẹ́sàn-án lọ, mẹ́rin nínú wọn kò sì lè kúnlẹ̀ kí wọ́n tún dìde láìsí ìrànlọ́wọ́, nítorí náà wọ́n gbà fún un. Ó rọrùn ju kí wọ́n tún gbọ́ àlàyé lọ.

Ẹran tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ kò tóbi. Ajá pápá là ń pè é, ṣùgbọ́n kì í ṣe ajá. Ọ̀kẹ́rẹ́ sísanra kan ni, tó ń gbé inú ihò bí òkété, tó máa ń nàró lẹ́nu ihò rẹ̀ tí á máa wo ọ̀nà bí ẹni tó ń retí àlejò. Ó ń jẹ koríko màlúù, ihò rẹ̀ sì ń dá ẹṣin lẹ́sẹ̀. Ẹran abokojẹ́ ni, onímàlúù kì í sunkún bí a bá yìnbọn fún un. Àmọ́ ilẹ̀ onímàlúù ló ń gbé, ilẹ̀ onímàlúù sì ní géètì.

Ọ̀nà méjì ló wà láti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀nà kìn-ín-ní ni kéèyàn lọ kan ilẹ̀kùn onílẹ̀, kó ṣí fìlà, kó tọrọ àyè. Ọ̀nà kejì ni kéèyàn sanwó fún amọ̀nà ọdẹ. Ní àfonífojì Dry Elk, níbi tí ajá pápá pọ̀ sí jù, Arlys Trautman ni amọ̀nà. Obìnrin ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni, ó mọ gbogbo pápá, á gbé tábìlì ìyìnbọn kalẹ̀ fún yín, á fún yín lómi àti oúnjẹ ọ̀sán, kò sì ní í bá yín sọ̀rọ̀ púpọ̀. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Wendell Pruitt fẹ́ san án. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ilé ìwé ni Wendell fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kó tó fẹ̀yìn tì. Nínú oṣù kẹta, dókítà ojú sọ fún un pé kí yìnyín tó tún bọ́, ojú ọ̀tún rẹ̀ kò ní í lè rí ohun tó wà lókèèrè mọ́. Ojú ọ̀tún ló sì fi ń yìnbọn. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni àfi Ilene ìyàwó rẹ̀. Ilene ló kọ nọ́ńbà Arlys sí bébà, tó tì í bọ àpò ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

"Pè é," Ilene ló sọ bẹ́ẹ̀. "Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ẹ pé ó ti wọ́n jù. Ojú ẹ ló ń lọ, kì í ṣe tiwọn."

Wendell gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ nípàdé ẹgbẹ́. Delmar wò ó bí ẹni tó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ra omi òjò.

"Bàbá Wendell, ẹ fẹ́ sanwó fún obìnrin kan kó wá fi ilẹ̀ àwọn ọ̀rẹ́ mi hàn yín?"

Ó ní òun lọ sí Dry Elk lọ́dún tó kọjá, òun nìkan, wọ́n sì gba òun tọwọ́tẹsẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ń sanwó fún amọ̀nà dà bí ẹni tó ń sanwó kó tó wọ yàrá ara rẹ̀. Òun yóò mú wọn lọ, òun kò sì ní í gba kọ́bọ̀. Kí wọ́n ṣáà máa ra oúnjẹ òun, àti ọta ìbọn òun, àti epo ọkọ̀ òun, kí wọ́n sì rántí òun nígbà tí ìdìbò alága ẹgbẹ́ bá dé. Gus Lindahl tó ń ta táyà ní òun gbà, nítorí Gus kò sanwó ohunkóhun rí tí inú rẹ̀ dùn.

Wendell fọwọ́ kan bébà inú àpò rẹ̀. Bó bá sọ ìdí tó fi fẹ́ kí ìrìn-àjò yìí dájú, gbogbo wọn á máa wojú rẹ̀, wọ́n á sì máa káàánú rẹ̀. Ojú tì í. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Wendell dákẹ́.

Oṣù kẹfà ni wọ́n lọ, àwọn mẹ́ta, nínú ọkọ̀ Delmar. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Ní tiwa, awakọ̀ kì í sọ̀kalẹ̀ ṣí géètì. Ẹni tó bá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe é. Ìdí nìyí tí Delmar fi fẹ́ràn láti máa wakọ̀.

Ní ilé àkọ́kọ́, Delmar kò kan ilẹ̀kùn. Ó tẹ fèrè ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Obìnrin kan jáde, ó gbé ìgò wàrà ọmọ màlúù dání. Delmar ní ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀ lòun.

"Ọkọ mi ti kú lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn," obìnrin náà dáhùn.

Delmar ní kó bá òun kí i.

Obìnrin náà ní Arlys ni kí wọ́n lọ bá, pé láti oṣù keje tó kọjá, kò sí onílẹ̀ kan ní àfonífojì náà tó ń gba àlejò ọdẹ mọ́ bí kò bá bá Arlys wá. Ilé kejì sọ bẹ́ẹ̀. Ilé kẹta náà sọ bẹ́ẹ̀. Ní ilé kẹrin, bàbá arúgbó kan tó ń tún ẹ̀rọ ìgékoríko ṣe sọ ìdí rẹ̀ fún wọn láìgbé orí sókè.

"Ẹnì kan fọwọ́ kan géètì Orval Nyquist. Màlúù mọ́kànlá ló kú. Àwọn àjèjì tó wọ pápá yẹn lọ́sẹ̀ náà tó mẹ́rìnlá, a ò mọ èwo nínú wọn ni."

Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Delmar mi orí. Nígbà tí wọ́n padà sínú ọkọ̀, ó sọ̀rọ̀ fún odidi wákàtí kan nípa àwọn ọmọ tí wọ́n kò kọ́ nílé, tí kì í ti géètì. Ó ní irú wọn ló ń ba orúkọ ọdẹ jẹ́. Gus ní òótọ́ ni. Wendell ń wo ìta fèrèsé, ó ń ka ọjọ́: ọ̀kan ti lọ.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n lọ sí ilẹ̀ ìjọba lẹ́bàá títì, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè yìnbọn. Ajá pápá ibẹ̀ ti gbọ́ ìbọn ju sójà lọ. Kí ilẹ̀kùn ọkọ̀ tó dún tán, gbogbo wọn ti wọlé. Delmar yìnbọn nígbà mọ́kàndínlógún. Ó ba àmì ojú títì kan, ó ní atẹ́gùn ni. Wendell rí ẹyọ kan nínú awò orí ìbọn rẹ̀, ṣùgbọ́n bí èéfín ló rí i; kó tó mọ̀ bóyá ẹran ni tàbí òkúta, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó gbé ìbọn rẹ̀ sílẹ̀, ó nu ojú rẹ̀. Inú rẹ̀ bàjẹ́, ara rẹ̀ ló sì ń bínú sí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, wọ́n lọ jẹun ní ilé kọfí Bernadine. Aago mẹ́fà kò tíì lù, àwọn onímàlúù ti kún ibẹ̀. Arlys Trautman pẹ̀lú wà níbẹ̀, ó ń mu kọfí lórí ìjókòó gíga tó wà níwájú. Delmar ní kí wọ́n gbé ẹran yíyan àti ẹyin mẹ́rin wá fún òun, kí wọ́n kọ owó rẹ̀ sórí Wendell. Wendell yọ bébà kúrò nínú àpò rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì.

"Màá sanwó fún obìnrin yẹn," ló sọ.

Ó dun Delmar. Ohun tó dùn ún nínú ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe pé ọjọ́ méjì ti ṣòfò. Ó jẹ́ pé bí Gus bá rí Arlys tó mú wọn dé ibi tí òun kò lè mú wọn dé, ìdìbò alága ti lọ nìyẹn. Ó dìde. Ó fi ṣíbí lu ife. Ó ní kí gbogbo ilé gbọ́.

"Ẹ̀yin ará Dry Elk, ó dà bíi pé ẹ ò tíì mọ ẹni tí mo jẹ́. Mo gbọ́ ohun tí ìkà kan ṣe fún Orval ọ̀rẹ́ mi. Bí ọmọ ìyá ni èmi àti Orval. Ṣùgbọ́n ẹ má fi mí wé àwọn tí kì í ti géètì. Lọ́dún tó kọjá gan-an, ọjọ́ kejìlá oṣù keje, mo bá géètì Orval tó ṣí sílẹ̀ gbagada. Kò sẹ́ni tó rán mi. Mo sọ̀kalẹ̀, mo tì í. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi tì í."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bernadine dá kọfí tó ń dà dúró. Ọmọ ọdún mẹ́rin ní Dry Elk mọ òfin géètì kó tó mọ orúkọ bàbá rẹ̀: bí o bá ṣe bá a ni kó o fi í sílẹ̀. Èyí tó tì, kó tì. Èyí tó ṣí, ẹnì kan ló ṣí i, ó sì nídìí.

Ọkùnrin kan wà ní tábìlì ẹ̀yìn Delmar, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń jẹ ẹyin. Ó gbé fọ́ọ̀kì rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Géètì tó wà lẹ́bàá ẹ̀rọ alátẹ́gùn tó ń fa omi yẹn?"

"Òun gan-an," Delmar dáhùn. Inú rẹ̀ dùn pé ẹnì kan bá òun dá sí i.

"Èyí tí wọ́n fi táyà àtijọ́ kọ́ sára òpó ẹ̀?"

"Ẹ mọ ibẹ̀ nìyẹn, Bàbá."

"Mo mọ ibẹ̀. Ọjọ́ kejìlá yẹn dá ọ lójú?"

"Ọjọ́ ìbí ìyàwó mi ni. Mi ò lè gbàgbé."

"O fi wáyà so ó."

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo yí i ká. Èmi kì í ṣiṣẹ́ àbọ̀."

"O ò ṣe é lábọ̀ lóòótọ́," ọkùnrin náà sọ. "Ẹ̀mú ni mo fi tú u." Ó yí àga rẹ̀ padà. "Èmi ni Orval Nyquist."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Orval kò gbóhùn sókè. Ó ní òun ló ṣí géètì náà kí màlúù lè máa dé ibi omi, kí òun tó gbé ìyàwó òun lọ sí ilé ìwòsàn. Ọjọ́ mẹ́ta làwọn lò níbẹ̀. Ó ní oòrùn ọ̀sẹ̀ yẹn kò ṣeé dúró sí. Nígbà tí òun padà dé, àwọn màlúù náà ti dùbúlẹ̀ lẹ́bàá géètì, wọ́n kọjú sí omi. Ó mu kọfí díẹ̀ lẹ́yìn èyí.

Delmar wo tábìlì kan, ó wo èkejì. Kò sí ọ̀rẹ́ kankan níbẹ̀. Ó wá ohun tí yóò sọ, ohun tó sì sún mọ́ ẹnu rẹ̀ jù ló jáde.

"Ṣé ẹ ní adójútòfò lórí àwọn màlúù yẹn?"

Gus Lindahl gbé àga rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo rò pé ìgbà náà gan-an ni Delmar pàdánù ìdìbò alága.

Orval kọjú sí Wendell. "Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá? Kí lẹ wá ṣe?"

Wendell wo bébà tó wà níwájú rẹ̀. Gbogbo ilé ń wò ó, bó ṣe bẹ̀rù pé wọ́n á ṣe náà nìyẹn, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kò dákẹ́.

"Ojú mi ń lọ," ó sọ. "Mo fẹ́ tún rí wọn lókèèrè lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyàwó mi ní kí n sanwó fún amọ̀nà látìbẹ̀rẹ̀. Mi ò gbọ́."

Arlys sọ̀kalẹ̀ lórí ìjókòó rẹ̀. Ó ní ààyè wà fún ẹni méjì lónìí, kí wọ́n parí oúnjẹ wọn. Orval ní pápá òun ni kó mú wọn lọ. Ó tún ní kó mú ẹni kẹta náà dání, nítorí iṣẹ́ wà fún un. Bó bá sì jẹ́ pé kò fẹ́ ṣiṣẹ́ náà, kí àwọn jọ jókòó, kí àwọn sọ iye owó màlúù mọ́kànlá. Delmar mọ iye owó màlúù. Ó ní òun fẹ́ràn iṣẹ́.

Iṣẹ́ náà kò le. Orval gbé garawa kan dojú dé lẹ́bàá géètì tó ní táyà lára òpó rẹ̀. Ó ní kí Delmar jókòó lé e títí oòrùn yóò fi wọ̀. Géètì náà wà ní ṣíṣí. Kó má ṣe fọwọ́ kàn án.

Lọ́jọ́ náà, ó ṣẹlẹ̀ pé gbogbo onímàlúù àfonífojì náà ní nǹkan tí wọ́n ń lọ ṣe ní ọ̀nà ibẹ̀. Obìnrin opó tó gbé ìgò wàrà ọjọ́sí kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Bí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan bá dé iwájú géètì, á rọra dúró, wọ́n á sọ gíláàsì kalẹ̀.

"Báwo lo ṣe bá a?" ni wọ́n ń béèrè.

"Ṣíṣí ni," Delmar á dáhùn.

Wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á sì lọ. Ọkọ̀ mẹ́tàdínlógún ló kọjá kí ilẹ̀ tó ṣú. Màlúù ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ mumi, wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bọ̀, eruku wọn sì bo fìlà tó wọ́n ju gbogbo aṣọ ọrùn yín lọ.

Lórí òkè kékeré tó kọjú sí ibẹ̀, Arlys gbé tábìlì kalẹ̀ sí ibi tí oòrùn wà lẹ́yìn Wendell, tó ń tàn sí ẹnu ihò. Kò sọ ìdí rẹ̀. Wendell fi ojú sí awò, ó sì rí wọn: ọ̀kan, lójijì ó di márùn-ún, lẹ́yìn náà odidi ìlú wọn, wọ́n nàró lẹ́nu ihò, irun ẹ̀gbẹ́ imú wọn ń mì. Ó pẹ́ kó tó yìnbọn. Ó fẹ́ kọ́kọ́ wò wọ́n tẹ́rùn. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní eruku ni, Arlys sì gbà bẹ́ẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, ó pe Ilene lórí fóònù. Ilene kò béèrè iye tó pa. Ó béèrè iye tó rí.

"Kedere ni mo rí wọn," Wendell sọ fún un. "Mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni mo kà. Gbogbo wọn nàró lẹ́nu ihò wọn, wọ́n ń wo ọ̀nà."

Ó gbé fóònù sí etí kejì.

"Ọ̀kan nínú wọn dé fìlà."