Mílíìkì Tí Wọ́n Ní Kí N Fi Pa Májèlé

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí mo bẹ́ sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá ní Òkè-Àfà kò tíì kúrò lọ́kàn mi, inú sì ṣì ń bí mi.

Inú rírun ló fà á. Bí mo bá ti yàgbẹ́ tán láàárọ̀, dípò kí ara tù mí, ńṣe ni inú á máa lọ́ mi bí aṣọ tí wọ́n ń fún. Ẹ̀gbọ́n Múfú, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi nílé tí mo háyà ní Ìsọlọ̀, ló bá mi níbi tí mo ká jọ sí lẹ́nu ọ̀nà tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Kò tiẹ̀ bi mí pé kí ni mo jẹ.

"Wọ́n ti fún ẹ ní nǹkan jẹ! Mílíìkì ló ń pa májèlé. Gbé odidi agolo kan mu."

Mo gbé e mu, èmi ọlọ́gbọ́n! Ó tún wá le sí i. Mo padà lọ bá a.

"Mílíìkì àti májèlé ló ń jà nínú níbẹ̀. Fi òmíì kún un!"

Mo fi kún un, mo bá wọ kẹ̀kẹ́, ó di ibi iṣẹ́. A ò tíì kọjá Òkè-Àfà tí inú mi fi pariwo, tí ìyá tó jókòó tì mí sún sẹ́yìn.

"Dẹ́rẹ́bà, ẹ dúró!"

Ṣọ́ọ̀ṣì kan ni mo sáré wọ̀. Mo ní kí ọkùnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà júwe tọ́ílẹ́ẹ̀tì fún mi, àfi bó ṣe gbá mi lórí mú.

"Ẹ̀mí burúkú, jáde!"

"Bùrọ̀dá, ó ti fẹ́ jáde! Ẹ fi mí sílẹ̀!"

Kò fi mí sílẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ bi mí ní ìyókù. Ìró tí obìnrin kan níbẹ̀ fi ṣàánú mi ni mo ró dé ilé, èmi ọkùnrin onírùngbọ̀n.

Dókítà tí mo lọ rí bi mí nípa oúnjẹ mi, mo sì jẹ́wọ́ tíì onímílíìkì tí mo ń mu lálaalẹ́. Ó ní ìgbẹ́ líle, gáàsì tàbí kòkòrò inú lè fa irú ẹ̀, ṣùgbọ́n inú ẹlòmíì kì í gba mílíìkì. Kí n fi í sílẹ̀ ná, kí n padà wá. Kí n tó padà lọ, inú rírun ti lọ.

Mo fi ìbínú gbá ilẹ̀kùn Ẹ̀gbọ́n Múfú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí!"

Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Ṣé dókítà ni mí ni? Kí ló dé tó o gbọ́ tèmi?"

Bí inú bá ń run mí báyìí, ọsibítù ni mò ń gbà lọ tààrà. Ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà, tipátipá, pẹ̀lú ìbínú.