Ẹkún Ládiméjì níwájú Àna Rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé bí a bá ń sunkún, à á máa ríran, ṣé ẹ tilẹ̀ mọ ẹni tó kó òwe náà bá wa? Wọ́n ní àwọn àgbà àtijọ́ ni. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ládiméjì ni, òṣèré aláwàdà orí tẹlifíṣàn.

Ọkọ òmùgọ̀ tó ń dọ̀bálẹ̀ bẹ àna rẹ̀ ló máa ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n ṣe débi pé wọ́n fi í ṣe olùdarí eré náà. Bó ṣe di pé ó ń ṣeré, ó tún ń darí àwọn tó kù nìyẹn, ó sì gbé ìdarí náà wọlé. Níjọ́ tí Mọjírọ́lá ìyàwó rẹ̀ ń sunkún nítorí ìjà tí wọ́n jà, ọkọ ní, "Tún ẹkún yẹn sun, kò tíì wọ̀ mí lára." Ni ìyàwó bá kó ẹrù, ó di ilé bàbá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá di gidi. Ládiméjì lọ dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Ọ̀pádọ̀kun, àna rẹ̀, lábẹ́ igi ọsàn iwájú ilé. Abẹ́ àga ni bàbá kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ó wá wo orí igi.

"Kámẹ́rà dà?"

"Kò sí kámẹ́rà, bàbá. Ọkàn mi ló bàjẹ́."

"Ohun tí o sọ lórí tẹlifíṣàn lọ́sẹ̀ tó kọjá gan-an nìyẹn."

Wọ́n tú ẹ̀yìn mọ́tò rẹ̀. Ìyá ìyàwó ní kó ṣí fìlà, bóyá ibẹ̀ ló tọ́jú kámẹ́rà sí. Àánú rẹ̀ ṣe mí o! Ládiméjì bú sẹ́kún, ẹkún tí kò sun irú rẹ̀ rí nínú eré kankan.

"Ẹ dákun, bàbá, ilé ti sú mi láìsí Mọjírọ́lá."

Ojú bàbá rọ̀. Ó na ọwọ́ láti fà á dìde. Ni Ládiméjì, tí omijé ṣì ń dà lójú rẹ̀, bá ní:

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sọ́tùn-ún díẹ̀. Òjìji igi ti bo ojú yín."

"Mo ti mọ̀!" Bàbá fò sókè. "Ẹni tó ń sunkún ló ń rí òjìji? Ọmọ mi ò bá ọ lọ mọ́!"

Ni ilẹ̀kùn bá ṣí. Mọjírọ́lá jáde, òun náà ti sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ó nàka sí ọkọ rẹ̀.

"Ìwọ ọkùnrin yìí, òdì lo wọ bùbá yẹn! Báyìí lo ṣe ń jáde láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé?"

Bàbá wo ọmọ, ó wo àna, ó rọra jókòó.

"Ẹ kó ara yín lọ," ó ní. "Ọ̀kan ń sunkún, ó rí òjìji. Èkejì ń sunkún, ó rí bùbá. Ta ni n ó wá fura sí nínú yín?"

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi omijé tàn yín jẹ: bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.